Kókó Ìko Tó Wà Lórí Ìṣó Bàbá

Ní ọjọ́ kẹta tí a sin bàbá-bàbá mi, àwọn àǹtí mi wọ yàrá rẹ̀ láti palẹ̀ ẹrù mọ́. Wọ́n kó aṣọ, wọ́n ká ẹní, wọ́n gbé rédíò rẹ̀ tí kò ní ìdérí bátìrì mọ́ síta. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀. Lókè ibi tó máa ń gbé orí sí, ìṣó méjì wà lára ògiri. Tẹ̀súbáà rẹ̀ wà lórí ọ̀kan, wọ́n mú un. Orí ìkejì ni kókó ìko kan wà, irú okùn tí a fi ń so iṣu. Ó ti gbẹ, ó ti pọ́n, kò sì gùn ju ìka méjì lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nínú wọn.

"Ẹ má fọwọ́ kan ohun tí ẹ ò mọ̀ o," ni àǹtí mi àgbà wí. "Òótọ́ ni pé Bàbá kírun títí ó fi kú. Àmọ́ ọkùnrin ni Bàbá."

Wọ́n rò pé oògùn ni. Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ̀ pé kì í ṣe oògùn. Mo mọ ọjọ́ tó dé orí ìṣó yẹn, mo mọ ibi tí wọ́n ti gé e, mo sì mọ ọwọ́ tó ta kókó náà. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni mí. Mo ní irùngbọ̀n, mo ní ìyàwó, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní Àǹkù Múfú. Síbẹ̀, okùn tí kò lè so ẹsẹ̀ adìyẹ so mí mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ràímì ni orúkọ bàbá-bàbá mi. Àgbẹ̀ oníṣu ni ní Ìlọ́fà, òun ló sì tọ́ mi nígbà tí bàbá tó bí mi kú. Mi ò ní kọ ìtàn ayé rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n tán, ìwé tí mo kà kò sì tó o: ìwé mẹ́fà, àti ọdún méjì ní sẹ́kọ́ńdírì kí n tó sá fún ìṣirò. Bí ọkùnrin náà ṣe rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tó ń retí lẹ́nu mi títí ó fi kú.

Bàbá kì í fi ojú wo nǹkan. Ọwọ́ ló fi ń wò ó. Bí o bá gbé aṣọ tuntun wá, yóò fi àtàǹpàkò ra á. Bí o bá ní ara ń ro ọ́, yóò gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ lọ́rùn kó tó bá ọ dárò. Mo rántí pé nígbà tí mo gbé Sìdí wá sílé láti fi hàn án, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó fọwọ́ tọ́ ibi tó le níbẹ̀ wò. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Èyí ń ṣiṣẹ́. Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́ fi fẹ́ ẹ?"

Ẹni tí kò bá gbin iṣu lè má mọ ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá wa iṣu tán, a ó ri òpó mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi tó ní ibòòji, a ó gbé iṣu dúró lóòró, ọ̀kan lórí ìkejì, a ó sì fi ìko so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ òpó títí yóò fi kún dé òkè. Ìyẹn là ń pè ní ọgbà iṣu. Lójú, gbogbo ọgbà iṣu jọra wọn. Àmọ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ta kókó tirẹ̀. Ẹlòmíràn á yí i po lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹta. Ti Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń yí i, yóò ki etí okùn bọ abẹ́, yóò fà á sọ́tùn-ún, ó parí.

Òun ló kọ́ mi, ọwọ́ òsì ni mo sì fi kọ́ ọ. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ní ilé-kéú, Alfa nà mí nítorí rẹ̀. Ní ilé ìwé, tíṣà nà mí. Nílé, ìyá mi so ọwọ́ náà mọ́ mi lára nígbà tí mo bá ń jẹun. Ní oko nìkan ni ọwọ́ yẹn ti rí ìsinmi. Bàbá wo bí mo ṣe yí okùn lẹ́ẹ̀mejì, tí mo ki etí rẹ̀ bọ abẹ́, tí mo wá fà á sósì, òdìkejì tirẹ̀. Mo ń dúró de ìgbátí. Ó di kókó náà mú, ó gbọ̀n ọ́n, iṣu kò mì. Ó rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń pe iṣu ní uṣu, bí àwọn àgbà wa ṣe ń pè é, ó ní, "Uṣu kò bèèrè ọwọ́ tó so òun. Àmọ́ ó ń rántí."

Nígbà tí Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa ló tó kọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan. Ṣáájú ìgbà náà, gúdú mọ́nìn ló mọ̀, ó sì máa ń kí èèyàn bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó kàwé ń kọ ọ̀rọ̀ náà ní substantiate. Bí Bàbá ṣe ń pè é ni èmi yóò ṣe máa kọ ọ́ níbí: sọbusitánṣíètì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí o wá nǹkan tó ṣe é rí tàbí tó ṣe é dì mú, kí o fi gbé ohun tí o sọ dúró, kó má baà ṣubú.

Lọ́wọ́ Ọ̀gá Tísà ló ti gbà á. Ọ̀gá Tísà ti jẹ́ hẹdimásítà rí, ó ti fẹ̀yìn tì, òun sì ni akọ̀wé àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ náà gùn, eyín tó kù lẹ́nu Bàbá kò sì ju díẹ̀ lọ. Kí ló ṣe? Ó gé e bí ẹni gé ẹ̀bù, iṣu tí a gé wẹ́wẹ́ fún gbígbìn. Ẹ̀bù méje ló gé ọ̀rọ̀ náà sí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, "sọ" nìkan ló ń sọ títí dé oko. Lọ́jọ́ kejì, "sọ-bu." Mo gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà mi, mo ń gbọ́ ọ létí mi bí ẹyẹ tó ń kọ́ orin. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ẹ̀bù náà ti hù. Ó pè é tán lẹ́ẹ̀kan náà ní ẹnu odò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí ọ̀kadà nítorí ayọ̀.

Ojú ẹsẹ̀ ni òun àti Ọ̀gá Tísà bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ọ̀gá Tísà ní ọ̀rọ̀ kóòtù ni, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni, kò yẹ kí èèyàn máa lò ó fún ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó jẹ ewé ilá.

"Olùkọ́," ni Bàbá wí, "ṣé àwọn tó wà ní ọ́fíìsì nìkan ló ń purọ́ ni?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjà Ìdọ̀fin, ọkùnrin kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn, ó ní ó ń wo ẹ̀yìn ríro, ó ń wo orúnkún, ó ń wo ojú. Bàbá sún mọ́ ọn, ó ní, "Sọbusitánṣíètì." Ọkùnrin náà ní, "Kí lẹ wí, Bàbá?" Bàbá ní, "Mo rí i pé o ń tiro. Bu díẹ̀ mu nínú rẹ̀, kí o rìn wá síbí kí n wò ọ́." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin náà fi pa ẹ̀rọ. Nígbà tí olóṣèlú kan wá ṣe ìlérí omi ẹ̀rọ fún àdúgbò wa, Bàbá dìde pẹ̀lú korobá. Olóṣèlú ní kí Bàbá fọkàn balẹ̀. Bàbá ní, "Ọkàn tèmi balẹ̀. Ti korobá yìí ni kò balẹ̀."

Sìdí ìyàwó mi ló jìyà rẹ̀ jù. Bó bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tó ní ẹja wà nínú ọbẹ̀, Bàbá yóò rò ó wò. "Sìdí, sọbusitánṣíètì." Sìdí yóò ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà! Ṣé kí ẹja máa dáhùn ni?" Ó wá sọ ọ́ di àṣà pé kó gbé orí ẹja lé òkè ọbẹ̀, kó má baà sí àríyànjiyàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bá a ní ìdáná, ó dúró síwájú abọ́ kan tó ti bù tán, orí ẹja wà lókè rẹ̀. Mi ò bi í léèrè abọ́ ta ni. Ó nu ojú, ó ní, "Ọwọ́ mi ni kò tíì gbọ́ pé ó ti kú."

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ló ń lò ó fún. Ìtàn kan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ: pé nígbà èwe òun, òun ru iṣu láti Ìlọ́fà dé Obbo-Ilé láì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wa ló ti gbọ́ ọ débi pé ọrùn ti ń ro àwa náà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi pariwo láti ẹ̀yìn, "Bàbá, sọbusitánṣíètì!" A rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèyàn lórí ìka. "Àwọn tó rí mi lójú ọ̀nà ti kú tán," ló wí. Kò sọ ìtàn náà mọ́ láyé. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan pé kó sọ ọ́ fún àlejò kan, ó mi orí. "Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú tèmi. Ohun tí mo lè dì mú ni kẹ́ ẹ fi sin mí."

Bó bá kan èmi, ó yàtọ̀. Kì í bi mí ní nǹkan kan kó tó sọ ọ́. Mo lè máa fọ ọ̀kadà, mo lè máa jẹun, yóò kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yóò ní, "Múfú, sọbusitánṣíètì." Àwọn ará ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, á dà bíi pé eyín ń ro mí. Àwa méjì nìkan la mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún mẹ́rin kí Bàbá tó kú, fóònù ń dun mí. Gbogbo ẹbí wa ló wà lórí Wáàsáàpù, wọ́n ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí ara wọn, èmi nìkan ni mo ń lo fóònù olóbọ́tìnì tí iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dára ju ohùn rẹ̀ lọ. Súlè ní fóònù ńlá kan tí àbúrò rẹ̀ fún un ní Ìlọrin. Àgbẹ̀ ni Súlè, láti Ẹ̀rúkù ló ti wá. Bàbá fún un ní ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ oko wa pé kó máa ro ó. Kò rí ibi gba iná sí fóònù náà lóko, kò sì mọ̀ ọ́n lò. Mo sọ fún un pé Bàbá fún mi ní òpó iṣu kan, pé kó jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀. Bàbá kò fún mi ní nǹkan kan. Mo tú òpó iṣu èfùrù kan nínú ọgbà Bàbá, mo fi ọ̀kadà kó o lọ fún Súlè. Nítorí pé mo fẹ́ kó tètè parí, èmi fúnra mi ni mo so iṣu náà mọ́ òpó rẹ̀. Mo gbé fóònù délé, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlọrin ló fún mi.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, Alájì Lásísì, àbúrò bàbá mi tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, rí i pé òpó kan ṣófo nínú ọgbà. Kò jìnnà tó fi rí èfùrù wa lọ́dọ̀ Súlè, tí kì í gbin èfùrù. Ó ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èèyàn bí ogún ti yí Súlè ká nínú ọgbà iṣu rẹ̀, Bàbá jókòó sórí ebè, Ọ̀gá Tísà ṣí ìwé.

"Múfú ló gbé e wá," ni Súlè wí. "Òun ló so ó. Mo fún un ní fóònù mi. Múfú, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Fóònù náà wà lápò mi, ó ń gbọ̀n, nítorí ẹnì kan ní Ìlọrin ń fi àwòrán ìkómọ ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù ẹbí. Ọkùnrin mélòó ló wà láyé tó ti bá ogun jà, tó ti bá ẹkùn pàdé! Èmi, ojú Bàbá Kékeré ló bà mí lẹ́rù.

Mo ní, "Èmi kẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ méjì péré.

"O gbọ́?" ni Bàbá Kékeré pariwo mọ́ Súlè. "Ọmọ onílé ni yóò wá jí iṣu bàbá rẹ̀ fún ọ? Fóònù wo? Ta ni kò ní fóònù?"

Bó bá ti di ọ̀ràn ńlá, òyìnbó ni Ọ̀gá Tísà fi ń béèrè ọ̀rọ̀, kí ẹjọ́ lè wúwo. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bi Súlè bóyá ó lè sọbusitánṣíètì. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Súlè ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀bẹ. Bàbá ló béèrè láti orí ebè, "Olùkọ́, kí lo ní kó ṣe?" Ọ̀gá Tísà túmọ̀ rẹ̀ fún un, bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Súlè na ọwọ́ méjèèjì. Kò sí nǹkan nínú wọn. "Ọlọ́run nìkan ló rí wa," ló wí.

Bàbá bá dìde. Ó lọ síbi òpó náà, ó fọwọ́ tọ́ kókó àkọ́kọ́ wò. Ó tọ́ ìkejì. Ó tọ́ ìkẹta. Ìka rẹ̀ dúró. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí ojú rẹ̀, mo sì dúpẹ́ nígbà náà pé mi ò rí i. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé kókó kan, ó fi í sápò agbádá. Ó yí padà. Kò wo ibi tí mo wà.

"Ẹni tí mo bi ti dá mi lóhùn," ló wí. "Ẹ fi Súlè sílẹ̀. Ẹ máa relé."

Ohun tó ń sọ ni pé Súlè kò jalè. Ohun tí ìlú gbọ́ ni pé Bàbá ṣàánú olè. Ọ̀gá Tísà pa ìwé dé, ọ̀rọ̀ tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá fi kókó náà kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀súbáà rẹ̀. Ó pè mí wọlé, ó fi ìka hàn mí. Mo ní, "Bàbá, kí nìyẹn?" Ó ní, "Mo rò pé ìwọ ni yóò sọ fún mi."

Súlè kò kúrò ní ìlú. Àmọ́ a kò pè é sí àáró mọ́. Bí àwa ṣe ń ṣe ni pé àgbẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà á jọ kọ ebè fún ẹnì kan lónìí, wọn á jọ kọ ti ẹlòmíràn lọ́la. Ẹni tí wọn kò bá pè sí àáró ti di ẹni ìtanù. Ọdún mẹ́rin ni Súlè fi dá kọ ebè rẹ̀. Bó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà iṣu, àwọn obìnrin á rọra pe ọmọ wọn wọlé. Bàbá nìkan ló ń wọ ilé rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán, yóò ní kí n gbé òun lọ sọ́dọ̀ Súlè, yóò sì jẹun níbẹ̀. Èmi á jókòó sórí ọ̀kadà lóde, mo máa ń díbọ́n pé mò ń wo fóònù. Kò sí ọjọ́ kan tí Súlè kò yọjú sí mi. Kò bú mi rí. Ohun kan náà ló ń wí: "Múfú, wọlé wá jẹun."

Ẹ ò rí nǹkan! Mo gbàdúrà kó bú mi.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, Bàbá dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Èmi ni mò ń gé èékánná rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tó na ọwọ́ sí ògiri.

"Ta ló so ìyẹn?"

"Bàbá, ẹ sinmi."

"Mo ti sinmi. Ìwọ ni o kò tíì sinmi." Ó mí díẹ̀. "Mo ṣẹ Súlè. Ẹnu mi ló yẹ kó sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ẹ jẹ́ kí n fi sílẹ̀ fún ọmọ mi, kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kó lè dènìyàn. Mo fi ọrùn ẹlòmíràn kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́." Mo ń sunkún, mo ń gé èékánná. Mo ṣèlérí fún un pé tó bá di Jímọ̀, màá sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ mọ ohun tó sọ. Ìgbà ìkẹyìn tó sọ ọ́ nìyẹn, ó sì pè é tán, ẹ̀bù méjèèje.

Ọjọ́ Wẹ́sidé ló kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú fìdáù ọjọ́ kẹjọ, fóònù mi gbọ̀n. Fóònù yẹn náà ni, ojú rẹ̀ ti sán. Bàbá Kékeré ló kọ ọ̀rọ̀ sórí Wáàsáàpù ẹbí: lẹ́yìn àdúrà, kí gbogbo ọmọ Bàbá dúró, a ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olè. Gbogbo wọn fi àmì àtàǹpàkò dá a lóhùn. Mo kà á lórí fóònù tí mo fi sọ ọkùnrin náà di olè.

Súlè wá síbi fìdáù. Ó jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Alfa lọ tán, Bàbá Kékeré gbóhùn sókè. "Súlè, ìwọ náà mọ̀. Bàbá lójú àánú. Bàbá ti lọ. Ẹni tó jí wa níṣu kò lè wà lórí ilẹ̀ wa."

Súlè wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń rán mi létí pé ọ̀kadà wà níta, àti pé epo wà nínú rẹ̀. Mo dìde. Mi ò mọ̀ bóyá láti jáde ni tàbí láti sọ̀rọ̀, títí mo fi gbọ́ ohùn ara mi.

"Bàbá Kékeré, ẹ ní Súlè jalè. Ẹ sọbusitánṣíètì."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ náà ni àwọn àǹtí mi bú sẹ́kún, nítorí wọ́n rò pé mò ń sín Bàbá jẹ fún ìrántí ni.

"A bá iṣu lọ́gbà rẹ̀!" ni Bàbá Kékeré wí. "Kí ló tún kù?"

"Ẹni tó so ó ló kù."

Mo wọ yàrá Bàbá, mo yọ kókó náà lórí ìṣó. Àǹtí mi àgbà kígbe, "Múfú! O fọwọ́ kàn án!"

"Àǹtí, ọwọ́ mi ti kàn án kí ti Bàbá tó kàn án."

Mo ní kí Sìdí gbé iṣu méjì wá àti ìko. Mo so ọ̀kan mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo yí i lẹ́ẹ̀mejì, mo ki etí rẹ̀ bọ abẹ́, mo fà á sósì. Mo ní kí Bàbá Kékeré so ìkejì. Bàbá ló kọ́ òun náà. Ó fà á sọ́tùn-ún. Mo wá fi kókó gbígbẹ náà lé e lọ́wọ́. Àgbẹ̀ ni Bàbá Kékeré, láìka Alájì sí. Ó fọwọ́ tọ́ tirẹ̀ wò, ó tọ́ tèmi, ó tọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún tọ́ tèmi. Ìka rẹ̀ dúró bí ti Bàbá ṣe dúró.

"Múfú. Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

Ọ̀rọ̀ méjì péré náà ni. Ọdún mẹ́rin ló gbà mí. Mo sọ ìyókù, fóònù àti irọ́ àti gbogbo rẹ̀, mo sì gbé fóònù náà kalẹ̀ sórí ẹní. Kò sẹ́ni tó nà mí, kò sẹ́ni tó bú mi. Ọ̀gá Tísà tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

Súlè ló sọ̀rọ̀. Ó bi mí ní ohun kan ṣoṣo.

"Ṣé Bàbá mọ̀?"

Mo wá irọ́ kan tó lè gba Bàbá là. Mo wá a dáadáa, mo mọ̀ ọ́n wá. Mi ò rí i. "Ó mọ̀," ni mo wí. "Láti ọjọ́ yẹn."

Súlè mi orí, díẹ̀díẹ̀. "Gbogbo Jímọ̀ tó wá jẹun nílé mi," ló wí, "mo rò pé ó ń dárí jì mí ni. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tí mi ò ṣe."

Ó na ọwọ́ pé kí n fún òun ní kókó náà. Mo gbà á lọ́wọ́ Bàbá Kékeré, mo nà án sí i. Ọwọ́ òsì ni mo fi nà án, mi ò tilẹ̀ rántí. Súlè wo ọwọ́ náà. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó wọ bàtà, ó lọ.

Ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ti pè é sí àáró lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni wọn kò pè. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Mo dá so iṣu ọdún yìí. Nígbà tí mo so ti àkọ́kọ́, mo dúró díẹ̀, mo ń retí kí ọwọ́ kan nà wá láti ẹ̀yìn mi, kó gbọ̀n ọ́n wò. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ nìkan ló kọjá.

Mo ṣì ń lọ sọ́dọ̀ Súlè. Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, mo máa ń gbé ọ̀kadà mi débẹ̀, mo máa ń jókòó sórí rẹ̀ lóde, níbi tí mo ti máa ń dúró de Bàbá. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gún iyán nínú ilé. Súlè máa ń yọjú sí mi, á wò mí, á wọlé padà.

Kò tíì ní kí n wọlé wá jẹun.